Ẹsẹ̀ Tó Rọ́ Kì Í Gba Ife Wálé

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá ń fìdí rẹmi lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu ènìyàn ni pé àwọn ọmọ náà ya ọ̀lẹ, tàbí pé ayé ti fi nǹkan ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn yóò kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ara rẹ̀ kò dá nínú wọn?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks ní Amẹ́ríkà, tí ń gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Ọ̀dọ̀ wọn ni Giannis Antetokounmpo lọ ní 2013, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni baba rẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn kí àwọn ará ibẹ̀ tó kọ ọ́ bí ó ti dún létí wọn.

Sáà àkọ́kọ́ ọmọ yìí burú jáì. Nínú ìdíje 82 tí ẹgbẹ́ náà gbá láti 2013 wọ 2014, 15 péré ni wọ́n borí, wọ́n sì pàdánù 67. Láti 1968 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọn kò sì tíì mọwọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ara wọn ti rí. Carlos Delfino kò gbá ìdíje kan ṣoṣo ní gbogbo sáà náà nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Brandon Knight fi iṣan ẹ̀yìn itan ṣèṣe nínú ìdíje àkọ́kọ́ gan-an. Larry Sanders, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yìn tì, iṣan àtàǹpàkò rẹ̀ já nínú ìjà ilé ijó. Nígbà tó padà dé, ìgbọ̀nwọ́ ẹni kan bà á lójú ní oṣù kejì 2014, eegun tó yí ojú ká sì ṣẹ́. Ìdíje 23 péré ló gbá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n bí àtàǹpàkò bá já ńkọ́?

Kí ni èyí kàn wá ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà? Ó kàn wá púpọ̀. Ní ilé ògùn, a ń rí ọmọ ilé-ìwé tó fẹsẹ̀ rọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi òrí wọ́ ọ kíkankíkan, tí wọ́n sì dá a padà sórí pápá ní ọjọ́ Ajé. Ohun tí ìbá san ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan a wá di àìsàn oṣù púpọ̀. Bí iṣan bá ya, ẹ̀jẹ̀ a máa dà sínú ẹran-ara níbẹ̀, òun ló ń wú. Ooru a máa mú ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ sí i, wíwọ́ a sì tún máa ya ohun tó fẹ́ so pọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

1. Kí ọmọ náà dá eré dúró lójú ẹsẹ̀.

2. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kí ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, fún ọjọ́ méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi dídì kan awọ ara ní ìhòòhò.

3. Ẹ fi báńdéèjì dì í. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù tàbí tó kú tipiri, ẹ tú u díẹ̀.

4. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ sí omi gbígbóná, kò gbọdọ̀ sí ọtí, kò sì gbọdọ̀ sí wíwọ́.

Bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, bí eegun bá wọ́, tàbí bó bá ń dùn ún gan-an nígbà tí ẹ tẹ eegun náà, ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Ẹ gbé e lọ sí Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN ní Òṣogbo, kí wọ́n ya àwòrán eegun náà. Ẹni tí wọ́n gbá lójú, tó wá ń rí ohun kan ní méjì, kò gbọdọ̀ sùn ilé mọ́jú.

Ìgbà wo ni kó padà sórí pápá? Ìgbà tí wíwú bá lọ, tó lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan fò, tó lè sáré kí ó sì yí láì tiro.

Ẹ wo Giannis kan náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2021, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn nínú ìdíje. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò sí iṣan tó já. Síbẹ̀, ó jókòó ní ìdíje méjì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí méjèèjì láìsí i níbẹ̀. Ó padà ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ó fi àmì ayò 50 gba ife wá fún Milwaukee, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1971.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ọmọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì kò pàdánù ohun kan. Èyí tí a fi ipá tì padà ni kí ẹ bẹ̀rù fún.