Kí Ẹrù Ayálégbé Tó Dé Ìta
Kí ẹrù ayálégbé tó dé ìta ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, ìrànlọ́wọ́ ń bẹ. Òfin Èkó ti ọdún 2011 fún ẹni tí ń sanwó ilé lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù 6, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Ó sì ka fífi ipá lé e jáde sí ẹ̀ṣẹ̀. Ibùdó ìlàjà ti ìjọba, tí a dá sílẹ̀ ní 1999, ń parí ìjà onílé àti ayálégbé láìgba owó.

Ṣùgbọ́n òfin kì í san gbèsè. Àyè ni ó ń fúnni. Nínú àyè náà ni kí ẹgbẹ́, àjọ àti ìjọ dìde. Ẹ má dúró kí aládùúgbò yín tọrọ, nítorí ìtìjú a máa pa ẹni rere lẹ́nu mọ́.