Ojú irin Abidjan sí Bouaké nínú yàrá kan: Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n kí ẹ tó kan ìpele kejì

Ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Abidjan. Ó wọ Bouaké ní 1912, ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló mọ ìlú tó wà lójú ọ̀nà yìí bí ẹní mọ owó.

Àmọ́ báwo ni ẹni tó fẹ́ràn láti máa to ọkọ̀ ojú irin kékeré nílé ṣe lè gbé e kalẹ̀?

Abidjan sí Bouaké lé ní 300 kìlómítà. Bí ẹ bá dín in kù ní ìlọ́po 87, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe eré yìí ṣe máa ń ṣe, yóò ṣì lé ní kìlómítà mẹ́ta. Nítorí náà, ibùdókọ̀ díẹ̀ lẹ máa mú.

Ìpele méjì bá ọ̀nà yìí mu: Abidjan létí ọ̀sà nísàlẹ̀, Bouaké lókè pẹ̀lú àwọn àdúgbò rẹ̀ bíi Dougouba, nítorí ìlú náà fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju òkun lọ.

Irin wo lẹ máa rà?

Mítà kan ni fífẹ̀ ojú irin náà gan-an. Irin oní 12 mìlímítà ló bá a mu. Oní 16.5 mìlímítà wà fún ojú irin tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe máa gòkè?

Ibí ni owó ti máa ń ṣòfò. Bí ìpele kejì bá fi 40 sẹ̀ǹtímítà ga ju ti ìsàlẹ̀, tí irin sì ń fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 gòkè nínú mítà kọ̀ọ̀kan, mítà 16 irin lẹ nílò. Ẹ lè lọ́ ọ bí ìkarahun ìgbín. Bí àárín rẹ̀ sí etí bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, yóò yí po ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ díẹ̀. Ìyẹn nìkan yóò gba àyè tó lé ní mítà kan níbùú àti lóròó.

Ẹ má gbàgbé pé kọ́nà máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa ọkọ̀ mẹ́wàá lórí ilẹ̀ títẹ́ lè máà lè fa gbogbo wọn gòkè.

Ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí pákó òkè tín-ín-rín ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi iná sí abẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ níbi tí ọwọ́ yín kò dé, ẹ máa tú iṣẹ́ palẹ̀ ni.

Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun pọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ tó gùn jù tí ẹ ní gun òkè náà, kí ẹ sì tún fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wíwọ̀n kò náni ní nǹkan kan, pákó tí a ti gé kò ṣeé dá padà.