Yẹ̀pẹ̀ ilé tuntun, odò Ọ̀tìn ló ń gbà á! Ẹ wo ohun tí ojú omi Eko-Ende lè rí

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Lóde òní, àgbàrá ti ríṣẹ́ mìíràn kún ti ilé wíwó. Yẹ̀pẹ̀ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ló ń rù lọ sínú odò, inú odò yẹn náà ni omi tí onílé fẹ́ẹ́ mu sì ti ń wá.

Ní Eko-Ende, nìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn, kí Ìkìrun, Inísà, Òkukù àtàwọn ìlú tó wà nítòsí lè rí omi ẹ̀rọ. Àwọn ìlú yìí ò dúró lójú kan. Títì Òṣogbo sí Ìlá-Odò gba ibẹ̀ kọjá, nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ṣe gómìnà láti 2010 sí 2018, ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di ọlọ́nà méjì. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní ọgbà kan ní Òkukù. Ta ni ò sì mọ̀ pé níbi tí títì àti yunifásítì bá wà, ilé àti ṣọ́ọ̀bù kì í pẹ́ẹ́ hù?

Inú ẹni dùn sí ilé tuntun. Ibi tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ń gbà lọ ló yẹ kéèyàn máa bi ara rẹ̀.

Odò Ọ̀tìn kì í ṣe odò tí wọ́n ń fojú kékeré wò lágbègbè yẹn. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn tí Òkukù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, òrìṣà sì ni Ọ̀tìn lójú àwọn tó ń bọ ọ́. Àwọn tó mọ ìtàn ò sì jẹ́ gbàgbé ogun ọdún 1878, nígbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Ìlọrin kúrò ní Ìkìrun, tí ọ̀pọ̀ wọn sá títí tí wọ́n fi já lu odò yìí, tómi sì gbé wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Odò tó gbé ọmọ ogun lọ láyé ọjọ́un, ẹrẹ̀ lè dá a dúró lónìí báwọn èèyàn ò bá ṣọ́ra.

Bí ẹrẹ̀ ṣe ń dénú omi

Kéèyàn tó kọ́lé, yóò kọ́kọ́ gé igi, yóò ro koríko, yóò sì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú ti lọ nìyẹn. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, ilẹ̀ tó wà níhòòhò á yọ́, àgbàrá á gbé e sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e sódò kékeré, odò kékeré á sì gbé e fún odò ńlá. Yẹ̀pẹ̀ nìkan sì kọ́ ló ń bá a lọ. Omi simẹ́ńtì tí wọ́n fi fọ ẹ̀rọ tó ń po kóńkéré wà níbẹ̀, ọ́ìlì tó ń jò lára katakátá wà níbẹ̀, àpò simẹ́ńtì àti ọ̀rá wà níbẹ̀. Níbi tí wọn ò bá sì ti ṣe ṣáláńgá fáwọn lébìrà, ìgbẹ́ náà ń bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Pílọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bí òjò bá ha yẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹrù yẹn lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lèyí o! Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé yẹ̀pẹ̀ tí òjò ń fọ̀ kúrò níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ máa ń tó ìlọ́po 10 sí 20 èyí tó ń fọ̀ lóko, ó sì tó ìlọ́po 1,000 sí 2,000 ti inú igbó.

Bí omi bá ti pọ́n báyìí dénú dáàmù, àwọn òṣìṣẹ́ omi ẹ̀rọ á da álọ́ọ̀mù tó pọ̀ sí i, asẹ́ wọn á máa dí, owó á sì máa lọ. Ẹrẹ̀ tó rì sísàlẹ̀ ló tún burú jù. Bí ìkòkò ni dáàmù rí. Bí wọ́n bá bu yẹ̀pẹ̀ kún ìdajì ìkòkò, ìdajì omi náà ló kù tó lè gbà. Lójú òjò, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, torí omi kún dẹ́nu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi tán kíákíá, ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba. Àwọn ẹja náà ò gbádùn, nítorí ẹrẹ̀ ń bo ẹyin wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ wo Ìbàdàn

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Ọdún 1942 ni wọ́n ti sé odò Ọ̀nà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìlú fẹ̀ dé etí omi, àwọn èèyàn gé igbó tó dáàbò bò ó, wọ́n kọ́lé sí i, ẹrẹ̀ sì ń wọ dáàmù. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, omi Ẹlẹ́yẹlé kọjá ààyè ẹ̀, omíyalé ọjọ́ yẹn sì pa èèyàn tó lé ní 100 nígboro. Ẹrẹ̀ nìkan kọ́ ló fa ìyẹn, òjò náà pọ̀, ìdọ̀tí dí ojú odò, ilé sì wà lójú àgbàrá. Ṣùgbọ́n odò tí inú ẹ̀ ti kún fún yẹ̀pẹ̀, ibo ló fẹ́ẹ́ gba òjò sí?

Òfin ò wọ́n wa. Láti ọdún 1992 nìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin pé kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ńlá wò, kí wọ́n mọ ohun tó máa ṣe fún àyíká, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 2007, wọ́n dá àjọ NESREA sílẹ̀, nígbà tó sì di 2011, òfin mìíràn jáde tó jẹ́ torí ìdọ̀tí ibi ilé kíkọ́ àti ilé wíwó gan-an. Ní Amẹ́ríkà, láti 1990 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ẹ́ tú ilẹ̀ tó tó éékà márùn-ún gba ìwé àṣẹ torí àgbàrá. Nígbà tó di 1999, wọ́n fà á wá sí éékà kan, ìyẹn bíi pílọ́ọ̀tì mẹ́fà.

Ohun tó yẹ kí onílé ṣe

Iṣẹ́ ọ̀hún ò gba owó rẹpẹtẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n tó rí òjò. Kí wọ́n má gé gbogbo koríko lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí iṣẹ́ dé ni kí wọ́n tú, kí wọ́n sì fi koríko sílẹ̀ nísàlẹ̀ pílọ́ọ̀tì níbi tí omi ń gbà jáde. Kí wọ́n má kó yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kí wọ́n sì fi tapólì bò ó bí òjò bá ṣú. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan tí àgbàrá máa kọ́kọ́ wọ̀ kó tó jáde, kí ẹrẹ̀ lè rì síbẹ̀, kí wọ́n sì máa kó o. Kí bíríkìlà fọ irinṣẹ́ sínú kòtò tirẹ̀, kó má fọ̀ ọ́ sí gọ́tà. Kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá kí lébìrà tó débẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì parí, kí wọ́n gbin koríko sílẹ̀ tó ṣófo.

Fún agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe títì, iṣẹ́ ń bẹ níwájú ẹ̀ ju ti onílé lọ, nítorí òkè tó ń gé ga, ilẹ̀ tó ń tú sì gùn. Àwọn tó ń fọwọ́ sí pláànù ní ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Níbo ni àgbàrá yín máa gbà, kí ló sì máa gbé lọ?" Ẹni tí ò bá rí ìdáhùn, kó má ì gbé katakátá débẹ̀. Kí àwọn ọba àtàwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú náà máa béèrè.

Ẹni tó ń kọ́lé lókè rò pé yẹ̀pẹ̀ òun ti lọ bí òjò ti dá. Kò lọ síbì kankan. Ó wà nísàlẹ̀ omi tí ìyàwó ẹ̀ ń dúró dè lẹ́nu ẹ̀rọ, lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tómi ò bá yọ, wọ́n á mọ ibi tó wà.