Láti Òṣogbo dé Lome: Etíkun tí àwọn Yorùbá fi ẹkún rìn lọ́dún 1969 ti di ọ̀nà ìgbafẹ́ fún ìdílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo àti Iléṣà mu tó bá di ọ̀rọ̀ òkun. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣàn gba inú igbó tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ajogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò tíì tẹ iyanrìn etíkun rí, bẹ́ẹ̀ omi Ọ̀ṣun kan náà ni ó ń sọ̀kalẹ̀ títí tó fi ń dé ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí òkun kò ti jìnnà mọ́.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀nà náà kò jìn tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Etíkun orílẹ̀-èdè Benin kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ, ti Tógò sì jẹ́ nǹkan bí 50. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé wọn kò gùn tó ọ̀nà Òṣogbo sí Èkó, tó lé ní 200 kìlómítà. Ìtumọ̀ èyí ni pé bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ tó bá kúrò nílé ní ọjọ́ Fráídé, tí wọ́n sùn mọ́jú ní Àgbádárìgì, lè fi mọ́tò ara wọn wọ Lome kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú. Ohun kan ló lè sọ ọjọ́ ayọ̀ náà di ọjọ́ ẹ̀dùn ọkàn fún wọn. Ohun náà ni ìwé.

Ìwé ni kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè

Èkó ni wọ́n ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Nígbà tó di ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà fọwọ́ sí àdéhùn kan nílùú Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀. Àdéhùn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ sí òdì. Àìgba físà kò túmọ̀ sí àìmú ìwé dání.

Olúkúlùkù nínú ìdílé ló yẹ kó ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀, títí kan ọmọ tó ṣì ń mu ọmú. Káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú náà ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ bàbá nìkan, ìyá nìkan tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ló ń mú ọmọ lọ, ó yẹ kó ní lẹ́tà ìyọ̀ǹda látọ̀dọ̀ òbí tí kò bá wọn lọ, nítorí àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò ẹrú ti sọ gbogbo ẹnubodè di ibi ìfura.

Ti mọ́tò náà wà lọ́tọ̀. Bí orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ kò bá bá ti ẹni tó ń wà á mu, wàhálà lè bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí wọ́n ṣe àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1982, ló ń dúró fún awakọ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi. Wọ́n tún máa ń gba ìwé àṣẹ ní ẹnubodè fún iye ọjọ́ tí mọ́tò náà fẹ́ lò níbẹ̀.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà yìí déédéé mọ̀ pé ẹni tí ìwé rẹ̀ pé pàápàá ṣì lè pàdé agbófinró tó máa na ọwọ́ kó tó gbé igi kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè ṣe sùúrù, kó sì kọjá. Ẹni tí tirẹ̀ kò pé ni wọ́n máa ń dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ àjèjì tó ń gbọ́ Yorùbá

Ní Sẹ̀mẹ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin ti ń wo ìwé láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 tí wọ́n ti ṣí ibùdó àjùmọ̀lò náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, kò sì ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà títí di oṣù Kejìlá 2020. Àwọn oníṣòwò kò tíì gbàgbé àkókò náà.

Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, owó náírà ti di owó sẹ́fà, àkọlé ojú ọ̀nà sì ti di Faransé. Síbẹ̀, ọmọ lè gbọ́ tí obìnrin kan ń fi Yorùbá ná ọjà lẹ́bàá ọ̀nà, kó sì bi ìyá rẹ̀ pé, “Mọ́mì, ṣebí ẹ ní a ti kúrò ní Nàìjíríà?” Ìbéèrè gidi ni. Àwọn òyìnbó tó pín ilẹ̀ kò bi Yorùbá léèrè kí wọ́n tó fa ààlà. Porto-Novo, olú ìlú Benin, ni Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́ títí di òní. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé ni wọ́n ń pè ní akassa, Ifá sì ń jẹ́ Fá lẹ́nu àwọn Fọn.

Ní Kútọnu, àwọn ọmọ lè ya fọ́tò lẹ́sẹ̀ ère obìnrin jagunjagun Dahomey, tó ga ní ọgbọ̀n mítà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022. Láti ibẹ̀ sí Ouidah kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ.

Ní Ouidah ni ẹ̀rín ti máa ń dákẹ́. Lórí iyanrìn ibẹ̀ ni ẹnubodè ńlá kan dúró sí, tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀. Wọ́n kọ́ ọ lọ́dún 1995 láti fi rántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ yìí kan Òṣogbo àti Iléṣà gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ogun dé bá ilẹ̀ Yorùbá ní ìgbà ayé àwọn baba ńlá, ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n kó lẹ́rú gba etíkun yìí, láti Èkó àti Àgbádárìgì dé Ouidah. Àwọn Ìjẹ̀ṣà wà lára wọn. Títí di òní, ìlù kan wà ní Brazil tí wọ́n ń pè ní Ijexá, tí wọ́n ń lù fún Ọ̀ṣun, àwọn ará Cuba náà sì ní ìlù Iyesá tiwọn. Ọmọ Iléṣà tó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, ó yẹ kí bàbá rẹ̀ sọ fún un pé orúkọ ìlú wọn ti kọjá níbẹ̀ rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1969

Láti Ouidah dé Grand-Popo, òkun ló wà lọ́wọ́ òsì, igi àgbọn sì pọ̀ jaburata. Ní Hilla-Condji, tí í ṣe ẹnubodè Tógò, wákàtí kan máa ń lọ sẹ́yìn lára aago. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù ní Benin, aago kan ni ní Tógò. Ìdílé tó ń lọ jèrè wákàtí kan, wọ́n á sì dá a padà nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀.

Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá gbà padà sílé láti Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a rí láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n níyàwó síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, di ẹni tó ń ta ọjà ní ọ̀pọ̀. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ẹ̀jìgbò àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ní Gánà, ọwọ́ ọ̀tún ní Tógò àti Dahomey, kí wọ́n tó tún bọ́ sí ọwọ́ òsì ní Nàìjíríà, nítorí ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà, tí Gánà sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1974. Ilé tí wọ́n ń sáré bọ̀ wá gan-an ń jagun abẹ́lé lọ́wọ́.

Kò sì yẹ kí wọ́n fi ìdajì ìtàn náà pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Etíkun yìí kan náà ni wọ́n gbà pẹ̀lú àpò tí gbogbo èèyàn ń pè ní “Ghana Must Go,” ẹnubodè sì há mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ọ̀nà. Nígbà méjèèjì, ìwé ni wọ́n fi wá èèyàn lẹ́sẹ̀.

Lome rèé o

Bí ìdílé bá ti kọjá Aného, tó jẹ́ olú ìlú lábẹ́ Jámánì kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lome lọ́dún 1897, ìlú ti súnmọ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n mọ ìtàn àwọn Òṣómàáló tó ń ru aṣọ àwìn kiri, tí wọ́n á sì lóṣòó síwájú onígbèsè títí owó yóò fi jáde, yóò rí ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lome. Àwọn obìnrin tó ta aṣọ àǹkárá ibẹ̀ lówó débi pé Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní Nana Benz.

Ìkìlọ̀ kan kù fún àwọn òbí. Òkun yìí kì í ṣe odò Ọ̀ṣun. Ìgbì rẹ̀ le, ó ń fa èèyàn sínú, ó sì ti jẹ ilé àti ọ̀nà ní etíkun Aného. Kí ọmọ fẹsẹ̀ tẹ omi ti tó. Kí awakọ̀ náà má sì gbìyànjú àtilọ àtibọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oorun kì í ṣe ọ̀rẹ́ awakọ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn tó gba ọ̀nà yìí lọ́dún 1969 padà sílé láìmú nǹkan kan dání ju ẹ̀mí wọn lọ. Ìdílé tó bá gbà á lónìí pẹ̀lú ìwé tó pé yóò mú fọ́tò, aṣọ àti ìtàn bọ̀ wá sí Òṣogbo, àwọn ọmọ á sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ àjèjì yẹn, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wọn ti tẹ̀ ẹ́ rí.