Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Orin nínú Jeep tí a ṣí òrùlé rẹ̀

Bí ẹ bá ṣí òrùlé Jeep Wrangler, béèsì ló máa ń kọ́kọ́ pòórá, nítorí kò sí ohun tó sé e mọ́lé mọ́. Ariwo afẹ́fẹ́ àti táyà á sì bo ìyókù.

Kí ni ṣíṣe?

1. Ẹ ra sípíkà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi. Òjò àti oòrùn kì í tètè bà á jẹ́.

2. Ẹ wo ìwọ̀n dB rẹ̀, èyí tó ń sọ bó ṣe ń ké tó lórí iná kan náà. Ìdajì iná tí sípíkà 87 dB ń jẹ ti tó fún ti 90 dB láti ké bákan náà.

3. Ẹ fi ámpílífáyà kún un.

4. Ẹ fi fíúsì sí wáyà iná ámpílífáyà náà nítòsí bátìrì, kó má baà gbiná.

5. Wúfà inú àpótí ni yóò dá béèsì padà.