Agbára-Ìrìn àti Ìṣọ́-Epo-Lò Nínú Ìgboro

Agbára-ìrìn ni a ó pe agbára tí ó wà nínú ohun tí ń rìn. Ó yàtọ̀ sí eré: bí eré ọkọ̀ bá ti kilómítà 30 di 60 ní wákàtí kan, agbára-ìrìn rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Epo ni ọkọ̀ fi ń ní in. Bíréèkì a sì sọ ọ́ di ooru tí ń ṣòfò. Nítorí náà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹni tí ó sáré lé ọkọ̀ iwájú, tí ó sì tẹ bíréèkì lójijì, owó rẹ̀ ni ó ń sun. Kí awakọ̀ fi àyè sílẹ̀, kí ó máa wo ọ̀ọ́kán, kí ó sì tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀kọ́ yìí ti kúrò ní ti kíláàsì nìkan.