Àwọn ẹyẹ tó ń sá ìgbà òtútù Yúróòpù wá sínú ọyẹ́ wa

Bí ọyẹ́ bá ti dé Ìkùn-Àkókó, tí odò ti fà, tí ètè ọmọdé ti ń là, ẹ dúró létí omi nírọ̀lẹ́. Ẹ ó rí ẹyẹ kékeré kan tó ń fò mọ́ ojú omi, tí ìrù rẹ̀ là bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ là ń pe gbogbo wọn, àmọ́ onílé àti àlejò ló wà níbẹ̀.

Ọ̀fun ni kí ẹ wò. Èyí tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa, ọ̀fun rẹ̀ funfun. Èyí tí ọ̀fun tirẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ọ̀já dúdú gba àyà rẹ̀ kọjá, àlejò ni: Yúróòpù ni wọ́n bí i sí. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ, síbẹ̀ ó fo aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá.

Ebi ló lé e wá. Kòkòrò tó ń fò ni oúnjẹ rẹ̀, bí òtútù bá sì ti mú lọ́hùn-ún, kòkòrò a dàwátì. Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni wọ́n ń gbéra. Tó bá di Oṣù Kẹta, wọ́n á tún máa darí sílé. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ìyẹ́ tó ti gbó.

Òrùka ló tú àṣírí ìrìn wọn. Lọ́dún 1911, wọ́n fi ọ̀kan sí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà.

Ní Nàìjíríà, Ebbaken ní ìpínlẹ̀ Cross River ni òkìkí wọn ti kàn jù. Bí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á ya bo eèsún orí òkè láti sùn, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé wọ́n tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Àtè ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń mú wọn jẹ, kí àjọ Nigerian Conservation Foundation tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ààbò.

Ẹ̀yin òbí ní Ìkùn, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kànnàkànnà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ fún wọn ní ìwé, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí àlejò ọlọ́fun pupa kọ́kọ́ yọjú. Nigerian Bird Atlas Project ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú.